Ohun Tí Mo Rí Nínú Àgbá Omi Àlàájì

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo ṣe, mo wí," mo mọ ara mi, àwáwí ni n ó máa wá kiri láàárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀, Oyèníran, kí n dúró lápá kan kí n máa wò ó bí ẹ̀yin náà ṣe ń wò ó, títí a ó fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ní láti dáhùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Oyèníran lò ní Birmingham. Bí ooru ṣe ń kúrò lára irin ni ó kọ́ ní yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, kò wá iṣẹ́ ìjọba, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìdí-Òrò ní Mushin, ó sì gbé pátákó kọ́ síwájú rẹ̀: Ẹnjiníà Oyèníran, Rédíétọ̀ àti Éésì Mọ́tò. Ó kọ oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà oyè náà tóbi ju nọ́ńbà fóònù lọ.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Àlàájì Ṣàíbù.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Àlàájì ti fi ń tún rédíétọ̀ ṣe lójúlé yẹn. Kò ní gééjì tí Oyèníran fi ń wọn atẹ́gùn. Ohun tí ó ní ni àgbá omi kan, àgbá búlúù tí wọ́n gé ní ìdajì, tí ó gbé sí ẹnu ọ̀nà. Rédíétọ̀ tòkunbọ̀ yòówù kí ẹ gbé wá, yóò dí ẹnu rẹ̀, yóò rì í sínú omi, yóò fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò jókòó sórí àpótí, yóò sì máa wo omi. Bí omi kò bá hó, rédíétọ̀ dára. Bí omi bá hó, ó jò. Kò sí rédíétọ̀ tí ó ti ọwọ́ Àlàájì wọ inú mọ́tò tí kò kọ́kọ́ wẹ̀ nínú àgbá yẹn lójú ẹni tó ni mọ́tò.

"Àgbá ọ̀pọ̀lọ́" ni Oyèníran ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì. Ṣé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ jí ire?"

"Wọ́n jí, Ọ̀gbẹ́ni Gééjì. Wọ́n ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní àwọn ò dé òkè òkun rí, ṣùgbọ́n àwọn mọ omi."

Àwọn ará àdúgbò a bú sẹ́rìn-ín. Oyèníran kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ Àlàájì ni ẹ̀rín náà máa ń fì sí nígbà gbogbo, ó sì kórìíra rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń kórìíra òkúta inú bàtà.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú ooru oṣù Kẹta, Àǹtí Àmúdàtù gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá Àlàájì. Tíṣà ni ní Surulere, opó sì ni. Láti ìgbà ayé ọkọ rẹ̀ ni Àlàájì ti ń bá wọn tọ́jú mọ́tò. Ẹnìkan ló fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá a níwájú. Rédíétọ̀ ti fọ́. Kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí éésì fi ń tu ooru dànù níwájú rédíétọ̀, ti ká kò bí ewé.

Éésì kì í ṣe fáàrí fún obìnrin yìí. Husnah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ooru bá mú un pẹ́, tí omi ara rẹ̀ fà, eegun a bẹ̀rẹ̀ sí ro ó, ọsibítù ló sì kù.

"Ọjọ́ Àìkú ni n ó parí ẹ̀," ni Àlàájì wí. "N ó fara balẹ̀ wá tòkunbọ̀ tó dáa."

"Àlàájì, òwúrọ̀ Sátidé ni Husnah máa rí dókítà."

Oyèníran ti orí ògiri sọ̀rọ̀, a kò pè é.

"Àǹtí, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán. N ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní ìwé tí ó ń pè ní ìwé ìdánilójú, ó ní orúkọ rẹ̀ lókè, ó fọwọ́ sí i, ó lù ú ní òǹtẹ̀. "Gbogbo ohun tí mo bá dè mọ́ mọ́tò yìí ni mo ti yẹ̀ wò fúnra mi." Àmúdàtù kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàájì wo ìwé náà láti ibi tí ó jókòó sí. "Àmúdàtù, ìwé kì í dí ihò."

"Àlàájì, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ ni mò ń wò."

"Mi ò bínú sí ẹ. Èyí tó yọjú lórí ògiri yẹn ni mò ń wò."

Báyìí ni Oyèníran ṣe gba kọ́sítọ́mà Àlàájì lójú Àlàájì. Ó dùn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí n fi ìyẹn pamọ́.

Ní ọjà tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀, ọ̀dọ̀ Dennis ló ti ra rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà, méjèèjì láti iwájú mọ́tò kan náà. Ọmọ Delta ni Dennis, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì yọ̀ lẹ́nu ju ti Oyèníran lọ.

"Ẹnjiníà, ẹ dúró kí n sọ ọ́ kó yé wa. Mọ́tò ọ́tò, èyí tó ń pa jíà dà fúnra rẹ̀, lẹ fẹ́ fi í sí. Ọ̀nà omi wà nínú rédíétọ̀ yìí, páìpù kékeré tún wà nínú ikùn rẹ̀ tí ọ́ìlì jíà ń gbà kọjá. Ọ̀nà omi, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Páìpù ọ́ìlì, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ fẹ́ ẹ wò kí ẹ tó dè é. Tó bá jò, ẹ gbé e bọ̀, màá fún yín ní òmíràn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ mọ́tò, ẹ má wá mi wá. Òfin ìlà ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní rédíétọ̀?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò tíì wọ bàálù rí."

Òótọ́ ni Dennis sọ. Bí páìpù kékeré yẹn bá lu, omi àti ọ́ìlì yóò dà pọ̀, jíà yóò mu omi, jíà yóò sì kú. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i nílẹ̀, nítorí kò ní kán sílẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni yóò ti máa ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Oyèníran de gééjì mọ́ ọ̀nà omi. Ọwọ́ gééjì dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí Àlàájì yọ sí i nínú aṣọ funfun, ó ń lọ sí Jímọ̀.

"Gééjì, ṣé o ti fẹ́ páìpù jíà?"

"Àlàájì, ẹ wo ibi tí ọwọ́ yìí dúró sí."

"Omi nìyẹn. Jíà ni mò ń bi ẹ́."

"Ilé-ìwé tí mo lọ, wọn kì í fi ẹnu fẹ́ rédíétọ̀ bíi fèrè níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó o padà wálé."

Ọkùnrin vọ́káníìsà tó wà lódìkejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Eyín Oyèníran pàdé ara wọn. "Ẹ máa lọ kírun yín, Àlàájì."

"Mò ń lọ. Ṣùgbọ́n àdúrà mi ò ní bá ẹ dí páìpù."

Ohun tó dun Oyèníran jù ni pé ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹnu gééjì rẹ̀ kò sì bá ẹnu páìpù kékeré yẹn mu. Ohun kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu ọ̀nà Àlàájì ló sì wà.

Ó dúró títí Jímọ̀ fi kó àdúgbò lọ tán. Vọ́káníìsà lọ. Àwọn aláṣọ lọ. Ó gbé rédíétọ̀ náà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú àgbá ọ̀pọ̀lọ́. Ó rì í. Ó fi rọ́bà Àlàájì fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù ọ́ìlì. Ó ń kà.

Ní oókànlélógún, omi ṣì dákẹ́. Ní eéjìlélógún, afẹ́fẹ́ róbótó kan gba ẹnu rédíétọ̀ jáde, ó sì fọ́ lójú omi.

Ó tún kà. Òmíràn jáde lórí iye kan náà.

Olùkọ́ rẹ̀ kan ní Birmingham máa ń sọ pé àléébù tí o kò bá sàmì sí, o kò tíì rí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ Oyèníran ti fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kálámù ọ̀dà yẹ́lò kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ ọ́, ó nu ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ gbẹ, ó sàmì sí ibi tí páìpù náà wà, ó sì kọ ohun tí ó yẹ ní kíkọ sí i. Ọwọ́ ló ṣe é. Ọkàn rẹ̀ ti wà níbòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má rò pé owó ni. Dennis yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan péré ni Ládìpọ̀ sí Ìdí-Òrò, aago mẹ́ta kò sì tíì lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé rédíétọ̀ lé èjìká jáde nígbà yẹn, àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ ni yóò pàdé. Oyèníran rí ojú Àlàájì kedere bí ẹni pé ó ti wà níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí yóò wí. Ó gbọ́ vọ́káníìsà.

Ẹ̀rín ló wà láàárín rẹ̀ àti òtítọ́. Ẹ̀rín nìkan.

Ó wá fi ẹ̀kọ́ tó yẹ kó dá a lẹ́kun ṣe àwáwí. Ẹyọ kan nínú kíkà méjìlélógún, ìyẹn kéré. Ọ́ìlì nípọn ju atẹ́gùn lọ. Irin a máa wú bí ó bá gbóná, ihò náà yóò pa dé. Ìṣirò tí ó ṣe lórí páálí lọ́sàn-án yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e wá bá a, yóò fà á ya.

Ó dè é. Àmì náà kọjú sí ilẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Ó de kọ́ńdẹ́ńsà síwájú rẹ̀, ó fa atẹ́gùn inú éésì, ó fi gáàsì sí i. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, mọ́tò ti ń dúró dè wọ́n.

Éésì náà tutù. Àmúdàtù na ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó sì fà á padà kíákíá.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa gbé inú ẹ̀," ni Husnah wí.

Àlàájì ti dé. Ó dúró lẹ́bàá àgbá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ta ló da omi mi sílẹ̀?"

Ó gbé ojú sókè. "Gééjì, o fẹ́ ẹ?"

Àmúdàtù yíjú sí Oyèníran. Ọmọ náà pàápàá ń wò ó láti inú ọkọ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, Àlàájì. Kò jò."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán gangan, mọ́tò náà dúró ní Iganmu. Ẹ́ńjìnnì ń dún ṣùgbọ́n táyà kò yí. Ẹ̀rù ba Àmúdàtù, ó pa á, éésì sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ó tó rí ẹni gbé wọn. Ọsibítù ni wọ́n gba tààrà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Husnah lò níbẹ̀. Wọ́n wọ́ mọ́tò lọ sí ilé wọn ní Surulere.

Sátidé ni ó ránṣẹ́ pe Oyèníran. Àlàájì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àgbàlagbà náà fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, ó nà án sí i. Ohun tó wà lẹ́nu irin náà kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó rí bí ògì tí ènìyàn da sóbò sí.

"Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀," ni Àmúdàtù wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí ọmọ mi lára." Ó ṣí ìwé ìdánilójú náà. "'Ni mo ti yẹ̀ wò fúnra mi.' Ta ni 'mi' yẹn?"

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí. Ẹnu Oyèníran ya, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, "Àǹtí, Dennis ni."

"Ta ló ń jẹ́ Dennis?"

"Ẹni tó tà á fún mi ní Ládìpọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, kò jò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí páìpù náà. Bí gọ́ọ̀mù bá gbóná, á yọ́. Jìbìtì ni."

Àlàájì tún ẹnu irin ọ́ìlì náà wò. "Gọ́ọ̀mù?"

"Gọ́ọ̀mù ni, Àlàájì."

Ẹ̀gbọ́n Àmúdàtù gbé ẹjọ́ náà tọ àwọn àgbà ìlà Dennis lọ. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, ẹnu wọn ni ọjà wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi gọ́ọ̀mù ta ihò, kò ní tajà ní ìlà yẹn mọ́ láéláé.

Dennis pè é lórí fóònù. "Ẹnjiníà, wọ́n lẹ́ ẹ sọ pé mo fi gọ́ọ̀mù dí páìpù."

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà ní ìlà yẹn. Mi ò ní bá yín jà. Ẹ jẹ́ ká tú u lójú gbogbo wa."

"Ẹ tú u," ni Oyèníran wí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ti yọ́ kò ní ẹlẹ́rìí.

Sátidé kejì ni wọ́n péjọ ní ìta ilé Àmúdàtù: Dennis àti àgbà ìlà rẹ̀ kan, Àmúdàtù, Oyèníran. Àlàájì ni wọ́n ní kó tú u. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Dennis lóṣòó, kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ sípánà. Ó ti gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Oyèníran dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn bọ́, Àlàájì gbé rédíétọ̀ náà jáde, ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè.

Yẹ́lò.

Ìgbà náà ni Oyèníran tó rántí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kálámù náà wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ síta, gbogbo wọn sì rí i.

Ìwé kéú nìkan ni Àlàájì mọ̀ ọ́n kà. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò. "Àmúdàtù, ìwọ ni tíṣà. Bá mi ka eléyìí."

Ó kà á jáde bí ìgbà tí ó ń ka orúkọ ọmọ ní kíláàsì. "'Páìpù ọ́ìlì ń jò sínú omi. Ẹnjiníà Oyèníran. Ọjọ́ Ẹtì, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.'"



"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni Àlàájì wí. "Lẹ́mọ́ọ̀mù ń ṣe wàásù lọ́wọ́ lórí mìńbárì. Omi àgbá mi tó dà sílẹ̀ nìyẹn."

Dennis dìde dúró. "Gọ́ọ̀mù dà?" ni ó béèrè, jẹ́jẹ́. "Ẹnjiníà, mo ní gọ́ọ̀mù dà?"

Àmúdàtù kò wo rédíétọ̀ mọ́. Ó ti fa ìwé ìdánilójú yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì yẹ́lò náà. Ìkọ̀wé kan náà ni. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti bi yín, ẹ ò dá mi lóhùn. Ta ni 'mi' yẹn?"

Èmi ni.

Èmi ni, ẹ̀yin òǹkàwé. Mo sọ ọ́ lójú wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, kò sì gbà mí sílẹ̀. Mo tún fẹ́ fi kún un, mo fẹ́ ṣàlàyé ìṣirò. Àmúdàtù gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹni tí kò mọ̀, mo lè dárí jì í," ni ó wí. "Ìwọ mọ̀. O mọ̀, o sì wo ojú ọmọ mi."

Mo wá jíà, mo sì dè é fún un láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àlàájì ló jókòó tì mí lórí àpótí, bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo dè wò. Nígbà tí mo parí, ó wí fún Àmúdàtù pé ó dára. Fún mi, kò wí ohunkóhun.

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù Dennis. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìlà wọn, èmi tí mo fi ọdún méje jù ú lọ. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, rédíétọ̀ yẹn ni òun fẹ́. Mo gbé e fún un.

Láti ìgbà náà, gbogbo rédíétọ̀ tí mo bá fẹ́ dè ni mò ń gbé lọ sí àgbá Àlàájì, lójú ẹni tó ni mọ́tò, lójú vọ́káníìsà, lójú gbogbo ayé. Bí mo bá kí Àlàájì, á dìde, á gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ráyè kúnlẹ̀. Kò dáhùn. Kò pè mí ní Gééjì mọ́. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èébú yẹn yóò máa wù mí í gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá kàwé bíi tèmi, ohun tí mo ní fún yín nìyí: bí ẹni tí ẹ kórìíra bá sọ òótọ́ fún yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó san gbèsè rẹ̀ fún yín.

Dennis kì í tà fún mi. Ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ ni ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì ń tà fún mi, mo sì gbọ́dọ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Ó fi wáyà gbé rédíétọ̀ náà kọ́ lókè ẹnu ọ̀nà, ó kọjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Àwọn ará ìlà mìíràn a máa mú kọ́sítọ́mà wá wò ó.

Mo kọjá níbẹ̀ lánàá. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ọ̀dà náà kò ṣí. Ní Birmingham, wọ́n kọ́ wa pé kí àmì ẹni hàn kedere, kó sì bá ènìyàn kalẹ́. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Láti òdìkejì títì, ẹ lè ka orúkọ mi.